Ẹ BI WÁ: Dúdú tó ju bọ́ǹbù sí Berlin, ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́?

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti gbogbo ibi tí ìwé yìí ń dé. Lóṣù tó kọjá, ìlà kan ṣoṣo la fi sí igun ojú ewé yìí pé dúdú wà lára àwọn tó fi bàálù bá Hítílà jà, pé ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ ńlá méjì, DFC àti DSO. Ìlà kan péré o, lẹ́tà ò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, torí tí n bá ní kí n dáhùn gbogbo ẹ̀ a ò ní ráyè fún ìpolówó, ẹ sì mọ̀ pé ìpolówó ló ń bá wa ra epo jẹ́nẹ́rétọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́káńáísà kan ní Sábó níbí ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ló ka ìwé yín, ó ní òun mọ ìtàn ẹni tẹ́ ẹ ń sọ, pé Berlin gan-an ló ń lọ ju bọ́ǹbù sí, pé ó padà wá di adájọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Làwọn boys bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dúdú tó bá lọ ogun Hítílà, Bọ́mà ni wọ́n kó o lọ, pé ta ló fẹ́ gbé bàálù lé dúdú lọ́wọ́ láyé ọjọ́un. Wọ́n ti fowó sílẹ̀ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa yanjú ẹ̀. — Ọmọ Sábó, Ìkòròdú

Èsì: Àbúrò, bàbá ló jẹ tẹ́tẹ́ náà, ẹ kó owó ẹ̀ fún un kíá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Àwọn boys yín náà ò ṣàdédé sọ̀rọ̀ ṣá, torí Bọ́mà tí wọ́n dárúkọ yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa lọ, àwọn sójà 81 Division àti 82 Division, wọ́n gba orí òkun dé Íńdíà, wọ́n wá wọnú igbó lọ kojú àwọn ará Japan. Ìtàn bàálù ló ṣọ̀wọ́n létí wa, ó sì nídìí. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin RAF, ìyẹn àwọn ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó látọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ò lè dé ipò ọ̀gá láàárín wọn. October 1939, tí ogun ti gbóná, ni wọ́n tó ká òfin yẹn kò, wọ́n sì ní títí ogun á fi parí ni o. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: títí ogun á fi parí. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wa kó sí wọn lórí lójijì, èèyàn ni wọ́n ń wá.

Ẹni tí bàbá ń sọ, Ulric Cross ni. Port of Spain ní Trinidad ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ kìíní oṣù May 1917, òun sì ni ìkejì nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Orí ẹ̀ pé látilẹ̀, sikọ́láṣíìpù ìjọba ló fi wọ St. Mary's College, àmọ́ ọmọ ọdún 13 ló wà tí ìyá ẹ̀ kú, bí nǹkan ṣe dojú rú nìyẹn, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíì: ó ṣe díẹ̀ nílé ìwé ìròyìn, ó ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà, ó tún wọ rélùwéè. 1941 ló bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí England láti lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní wáyálẹ́ẹ̀sì, Morse, bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù àti bí wọ́n ṣe ń tọ́ bàálù sọ́nà, nígbà tó parí wọ́n fi oyè Pilot Officer dá a lọ́lá (orúkọ oyè lásán ni o, kì í ṣe pé ó ń wa bàálù), wọ́n gbé e lọ sí 139 Squadron. Ẹgbẹ́ yẹn ní orúkọ àpèjá kan, Jamaica, torí àwọn ará Jamaica ló dáwó jọ ra bàálù bọ́ǹbù fún wọn níbẹ̀rẹ̀ ogun. Ọmọ Trinidad wá ń fò lábẹ́ orúkọ Jamaica, àwọn ọmọ erékùṣù yẹn sì máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹni tó dáa jù, bí àwa àti Ẹ̀pẹ́ náà ṣe máa ń ṣe.

80 ìgbà ló fò lọ sórí Jámánì àti àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà. Nǹkan bíi 20 nínú ẹ̀, Berlin ni. Àwọn tó ń fi bàálù bọ́ǹbù jà, 30 ìgbà ni wọ́n sábà máa ń lọ kí wọ́n tó ní kí wọ́n lọ sinmi, Cross ṣe 30, ó kọjá 50, ó ń bá a lọ títí tó fi pé 80. Ẹ jẹ́ n fún yín ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi wọn 80 yẹn. Nǹkan bí 125,000 èèyàn ló fò fún ẹ̀ka bọ́ǹbù RAF nínú ogun yẹn, 55,573 nínú wọn ló kú. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá to mẹ́sàn-án sórí bẹ́ǹṣì iwájú fọ́káńáísà yẹn, mẹ́rin nínú wọn ò ní padà sílé. Òun padà, ó sì ti di Squadron Leader.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo rí i pé wọ́n ní navigator, ìyẹn atọ́nà bàálù, ni ọkùnrin yìí, kì í ṣe páílọ́ọ̀tì. Ṣé torí pé dúdú ni ni wọn ò ṣe jẹ́ kó wà á? Ọkọ mi tó ń wa dáńfó ní ẹ má da ara yín láàmú, pé navigator ò ju kọndọ́ lọ, pé ẹni tó di síárìn mú ló jagun. — Ìyá Aránṣọ, Ìgbógbó

Èsì: Ìyá wa, ẹ bá mi kí bàbá gan-an ni, ẹ sọ fún wọn pé mo ní kọndọ́ kọ́ o! Ìbéèrè yín ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, torí inú mi kì í dùn sí bí wọ́n ṣe máa ń fi gbogbo ògo ogun òfurufú fún páílọ́ọ̀tì.

Bàálù tí wọ́n ń lò, Mosquito ni wọ́n ń pè é. Pákó ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní pákó, plywood lẹ̀ mọ́ plywood, igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní balsa láàárín, àwọn káfíńtà tó ń ṣe àga àti tábìlì tẹ́lẹ̀ náà sì wà lára àwọn tó kàn án pọ̀. Ẹ́ńjìnì Rolls-Royce méjì ló gbé e, ó ń sá ju 600 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, èyí tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù ò sì ní ìbọn kankan lára. Bí ọ̀tá bá lé e, eré ló máa sá. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, páílọ́ọ̀tì lọ́wọ́ òsì, navigator lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ara wọn torí àyè ò sí.

Ó dáa, òru ni. Wọ́n ti pa gbogbo iná ìlú nísàlẹ̀. Wọ́n wà lókè tí èèyàn ò lè mí láìfi oksíjìn bo imú, òtútù ń mú, páílọ́ọ̀tì ò rí nǹkan kan níwájú ju òkùnkùn. Òun ń wà á, àmọ́ ibo ló ń wà á lọ? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ẹni tó tẹ máàpù sórí itan, tó ní pẹ́ńsù, rúlà, aago àti iná kékeré kan tó ń tàn báìbàì. Afẹ́fẹ́ ń ti bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, tí atọ́nà yìí ò bá ṣírò afẹ́fẹ́ yẹn dáadáa, láàárín wákàtí kan wọ́n ti lè fi ogójì kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣìnà, wọ́n á sì rò pé ọ̀nà làwọn wà. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee tó ń gba àmì láti England láti fi mọ ibi tí wọ́n wà, àwọn Jámánì sì mọ̀, tí wọ́n bá ti wọ orí ilẹ̀ Yúróòpù báyìí wọ́n á ti da ariwo bo àmì náà, ó di kí ọkùnrin máa fi pẹ́ńsù àti ọpọlọ ṣe é.

139 Squadron tún wá gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní H2S, ẹ̀rọ tó máa ń fi àwòrán ilẹ̀ hàn nínú òkùnkùn. Omi á dúdú lójú ẹ̀, ilé á máa tàn. Ká ní wọ́n gbé e gba orí ọ̀dọ̀ wa níbí, gbogbo ọ̀sà á dúdú kírikíri, Ìkòròdú á máa tàn létí ẹ̀, ẹni tó bá ti mọ bí etí omi ṣe ṣẹ́ kọ́rọ́ láti Ìpakodò lọ sí Báyékú á mọ ibi tó wà lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Hamburg fi rọrùn fún wọn láti rí, odò Elbe ló tú u fó. Berlin ló le, ìlú tó fẹ̀ lọ súà, gbogbo ojú ẹ̀rọ á kàn máa tàn yòò, wàá wá máa wá àdúgbò kan pàtó nínú ẹ̀.

Kí ló dé tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Torí àwọn ló ń lọ ṣáájú. Láti 1943 ni ẹgbẹ́ wọn ti wà lára àwọn Pathfinder, àwọn tó ń lọ ju iná aláràbarà sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n máa ju tiwọn sí. Ìṣẹ́jú kan péré tí wọ́n bá pẹ́, tàbí tí iná yẹn bá bọ́ sí ìgboro míì, bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tẹ̀ lé àṣìṣe yẹn ni. Ṣáájú ìgbà yẹn ẹgbẹ́ kan náà yìí máa ń lọ lọ́sàn-án gangan, ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sílẹ̀, ìyẹn ibi tí orí àgbọn Àgbádárìgì wà, kí wọ́n lè ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ kan láìkan ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ ronú ẹ̀ ná, ẹ̀ ń ka máàpù nínú bàálù tó ń sá lóri igi, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi dá ibẹ̀ mọ̀ ti kọjá lọ kẹ́ ẹ tó gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní DSO, ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ ka ibi tó ti lọ, Berlin, Hamburg, Ludwigshafen, àwọn ìlú onílé iṣẹ́ ní Ruhr, ó wá sọ pé mímọ̀ tó mọ ọ̀nà tọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yọrí. Wọn ò sọ pé ó yìnbọn, wọn ò sọ pé ó já bàálù ọ̀tá lulẹ̀. Ìṣirò ló fi gbà á.

Ní ti pé bóyá torí àwọ̀ ẹ̀ ni, rárá mà, dúdú wà tó jẹ́ páílọ́ọ̀tì nínú RAF, mo máa dárúkọ ẹnì kan nísàlẹ̀. Ẹni tí orí ẹ̀ pé nídìí ìṣirò, ibi máàpù ni wọ́n sábà máa ń tì í sí. Kí bàbá sì tó sọ pé ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fara gbá, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ń ti Jámánì bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnì kan kú, wọ́n wálẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ń fi ẹyọ kan tó kù rìn bọ̀ lórí òkun, Swanton Morley ní Norfolk ni wọ́n rí já sí, bàálù sá kọjá ibi tó yẹ kó dúró ó sì lọ kó sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì jáde láàyè. Ó tún padà lọ.

Ìbéèrè: Ẹ dákun, nǹkan kan ń bí mi nínú nínú ìtàn yìí. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, ojoojúmọ́ ni àlejò ń wá wo Gberefu níbi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ ẹrú. Ọmọ Trinidad yìí, wọ́n kó àwọn baba ńlá irú wọn kọjá lọ ni. Kí ló wá kàn án nínú ìjà òyìnbó sí òyìnbó? Ó yẹ kó jókòó kó máa wò wọ́n ni. — Ọmọ Posukoh, Àgbádárìgì

Èsì: Mo gbọ́ yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Wọ́n bi òun fúnra ẹ̀ léèrè lọ́jọ́ ogbó. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọba apàṣẹwàá Hítílà àti ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ gbé gbogbo ayé mì, Amẹ́ríkà ò tíì dá sí i, lòun bá ní òun ò ní káwọ́ gbera. Ó sì tún fi kún un pé ọmọdé lòun, òun fẹ́ rí ayé. Mo fẹ́ràn pé ó fi èyí kejì yẹn kún un, ọ̀pọ̀ àwọn tó jagun kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, ṣé ìjà òyìnbó sí òyìnbó nìkan ni? October 1935 ni Mussolini kó ogun wọ Ethiopia, ilẹ̀ dúdú tí òyìnbó ò tíì rí gbà, inú bí àwọn èèyàn ní Trinidad, inú bí wọn ní Èkó níbí náà, wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ṣèpàdé. 1937 ni àwọn Hítílà kó àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ sójà dúdú ní Rhineland ní Jámánì jọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kí wọ́n má bàa lè bímọ láyé wọn.  Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Cross, tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi yín ṣe kòlóńì, tẹ́ ẹ sì mọ̀ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ fi yín ṣe, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa dúró sí? Èmi ò rí ibi jókòó-máa-wò níbẹ̀.

Nǹkan míì tí mo fẹ́ fi kún un fún ẹ̀yin ará Àgbádárìgì ni pé kì í ṣe ẹrú nìkan ló débẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Láàárín 1841 sí 1861, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí oko ẹrú nílẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣì máa bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun níbẹ̀ títí dòní.

Ìbéèrè: DFC àti DSO tẹ́ ẹ kọ yẹn, ṣé ọ̀kan náà ni? Èwo ló ju èwo lọ? — Ọmọ Ìtamọ́gà

Èsì: DSO ló ga jù. 1886 ni ọba obìnrin Victoria dá a sílẹ̀, àwọn ọ̀gá nínú ológun ilẹ̀, omi àti òfurufú ló wà fún. DFC kéré sí i lọ́jọ́ orí, June 1918, kété lẹ́yìn tí wọ́n dá RAF sílẹ̀, ó sì wà fún akin tí èèyàn hù lójú ọ̀tá nígbà tó ń fò. Àgbélébùú fàdákà ni, aṣọ tí wọ́n fi so ó ní ìlà funfun àti àwọ̀ elése àlùkò tó dá gẹ̀ẹ́rẹ̀. 1944 ni Cross gba DFC, DSO sì tẹ̀ lé e kí ogun tó parí. Ẹni tó ní méjèèjì, wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹ̀ títí tó fi máa kú, bí tiwa ṣe ń kọ Olóyè síwájú.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ ò ní bínú sí mi o. Tíṣà ni mí. Bọ́ǹbù tí ọkùnrin yìí tọ́ sọ́nà, ṣé kò pa ìyá àti ọmọ ní Berlin ni? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n bá bi mí bẹ́ẹ̀? — Tíṣà, Ẹ̀pẹ́

Èsì: Ó pa wọ́n mà. N kò ní tàn yín.

Mosquito tó kéré tó yẹn, nígbà tó yá wọ́n tún un ṣe kó lè gbé bọ́ǹbù ẹyọ kan tó tó 4,000 pọ́n-ùn, ìyẹn sún mọ́ kìlógíráàmù 1,800, tó bá bọ́ sí òpópónà, òrùlé gbogbo àdúgbò ló ń ká. Wọ́n sì tún máa ń rán Mosquito díẹ̀ lọ sí Berlin lóru tí àwọn bàálù ńlá ò lọ, kí fèrè ìkìlọ̀ ṣáà lè dún, kí gbogbo ìlú sá wọ ihò, kí ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ìbọn láàárọ̀ má rí oorun sùn. Ẹni tó bá sì ní ọmọ lọ́wọ́ náà wà nínú ihò yẹn. Hamburg tí mo dárúkọ lókè, ó ju 30,000 èèyàn lọ tí bọ́ǹbù pa níbẹ̀ ní July 1943, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ogun ju pé ilé wọn wà níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù ńlá ló ṣe ìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin ló sì wà nínú wọn.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣì ń jà lé e lórí títí di òní, bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ àbí kò yẹ. Tèmi ni pé ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé ọkùnrin náà láyà, pé ogun tó jà kì í ṣe ogun ẹ̀tàn, torí ohun tí Hítílà ń ṣe fún àwọn Júù àti àwọn míì, ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú ẹ̀ rí, ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn kú nínú iná tí ogun rere yẹn dá. Ẹ má fi ìkan bo ìkan. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ gbọ́n, wọ́n lè gbé méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹ ti sọ ti Trinidad títí, Yorùbá ńkọ́? Ṣé kò sí tiwa níbẹ̀ ni? — Ọmọ Ìsìu, Ìkòròdú

Èsì: Wọ́n wà ńbẹ̀, kí lẹ rò! Akin Shenbanjo wà ní 76 Squadron, wáyálẹ́ẹ̀sì àti ìbọn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú bàálù Halifax, òun náà gba DFC. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bàálù kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé Achtung! The Black Prince, ìyẹn ni pé kí Jámánì yáa wà lójúfò, ọmọ ọba dúdú ń bọ̀. Òyìnbó ló kọ ọ́ o, torí ọ̀rẹ́ wọn.

Páílọ́ọ̀tì tí mo ṣèlérí fún Ìyá Aránṣọ náà rèé: Peter Thomas, ọmọ Èkó, September 1942 ló di ọ̀gá nínú RAF, òun sì ni ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ìdílé yẹn burú fún ìwé, Stella Thomas tó jẹ́ obìnrin májísíréètì àkọ́kọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Peter ò padà wálé ní tiẹ̀, jàǹbá bàálù pa á ní England ní January 1945, ogun ku oṣù díẹ̀ kó parí. Bankole Vivour náà ò padà, orí Berlin ni wọ́n ti pa á ní March 1944, ibẹ̀ náà ni ibojì ẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ n fi ọmọ Sàró kan kún un. Johnny Smythe ti Freetown, navigator bíi ti Cross, November 1943 ni wọ́n já bàálù wọn lulẹ̀, ó fara gbọgbẹ́, Jámánì mú un, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ogun ló wà títí àwọn ará Rọ́ṣíà fi wá tú wọn sílẹ̀ ní 1945. Òun náà kàwé lọ́yà lẹ́yìn ogun, ó di Attorney-General ní Sierra Leone. Cross náà di Attorney-General, mo máa débẹ̀ báyìí. Bóyá ẹni tó bá ti jókòó ti máàpù lókùnkùn tó bẹ́ẹ̀, ìwé òfin ò lè dẹ́rù bà á mọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú làálàá. Ọmọkùnrin mi ti ka ìwé yín, ó ní òun ò ṣe dókítà mọ́, Air Force lòun ń lọ. Kí ni ọkùnrin yẹn rí jẹ lẹ́yìn ogun, àbí wọ́n kàn lò ó tán wọ́n jù ú nù? Àti pé Air Force tiwa, ṣé RAF yìí náà ló dá a sílẹ̀ fún wa? — Bàbá Ẹlẹ́ja, Òlúwo, Ẹ̀pẹ́

Èsì: Bàbá, ó rí jẹ. Ó kàwé lọ́yà ní Middle Temple ní London, ó parí ní 1949, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní BBC, ó wá kó wá sí Áfíríkà. Ghana ló kọ́kọ́ dé láyé Nkrumah, lọ́yà ìjọba ni, ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lófin. Láti 1960 sí 1966 ó wà ní Kamẹrúùnù tí a jọ pààlà, ó ṣe Attorney-General. Ó kọjá sí Tanzania, ó di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ó tún jẹ́ ọ̀gá ní ẹ̀ka òfin ní yunifásítì Dar es Salaam. Ìyẹn ni adájọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí bàbá Sábó ń sọ. 1971 ló padà sí Trinidad, ó di adájọ́ níbẹ̀ títí dé kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn, láti 1990 sí 1993 wọ́n tún rán an padà sí London, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè ẹ̀. 2011 ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ibùdó ológun òfurufú wọn ní Piarco. October 2013 ló kú, ẹni ọdún 96.

Ní ti Air Force tiwa, ibẹ̀ ló máa pa yín lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe RAF. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1964, àwọn tí ìjọba lọ pè kó wá kọ́ wa ni Jámánì! Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn ará Berlin ọjọ́sí. Gerhard Kahtz, ọ̀gá sójà láti Jámánì, ló kọ́kọ́ jókòó sípò olórí Air Force Nàìjíríà, Jámánì míì tó ń jẹ́ Wolfgang Thimmig ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1965. 1966 ló tó kan ọmọ wa, George Kurubo, Shittu Àlàó sì tẹ̀ lé e ní 1967.

Ọmọ yín, NDA ní Kàdúná ni kó máa wò, JAMB ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ẹ rí i pé kò fi maths àti physics ṣeré. Tó bá sì tún yí ọkàn padà sí dókítà kí oṣù tó parí, ẹ má bínú sí wa, ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ orí yẹn nìyẹn.